Ta Ló Ń Mu Omi Rírú Ọ̀ṣun?

Ẹni tó bá dúró lórí afárá Gbódòfọ̀n tó bojú wo ìsàlẹ̀, omi tó máa rí kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ti lé lógójì ọdún nílùú Òṣogbo fi ṣeré ní kékeré wọn. Ó pọ́n, ó sì ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n po amọ̀ mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni ariwo ti ń lọ nígboro pé Ọ̀ṣun ń pa àwọ̀ dà. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé òjò ni. Òjò máa ń rú odò lóòótọ́. Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ̀ pé tó bá di oṣù keje, Ọ̀ṣun á kún, á sì gbé ẹrọ̀fọ̀ wá. Àmọ́ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là, tí omi ò sì là, àwọn àgbà tó mọ odò náà ti mọ̀ pé òjò kọ́. Omi tó bá rú láàárín ọyẹ́, ọmọ aráyé ló rú u.

Mo fẹ́ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n á ní odò Ọ̀ṣun ti bàjẹ́, gbogbo wa la jọ pàdánù. Gbogbo wa kọ́. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí kan náà ló ń ṣàn gba àárín ìlú kọjá, àmọ́ bó ṣe kan ẹni tó ń gbé GRA kọ́ ló ṣe kan ẹni tó ń gbé etí odò. Wọ́n máa ń sọ pé eji ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹni tó bá lórùlé tó dáa, eji ò ní rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ìyókù jẹ́ àlàyé.

Ọ̀nà tí ẹrẹ̀ náà gbà wá

Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kó tó dé Òṣogbo, ó kọjá sí Ẹdẹ, ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn lọ sínú ọ̀sà. Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, torí láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wa wúrà lágbègbè Iléṣà, ní Ìtàgúnmódì, Ìgun, Ìpẹ̀rìndó. Ohun tó yí padà ni iye àwọn tó ń wà á àti irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò. Owó wúrà gòkè lágbàáyé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ìwakùsà ní Zamfara nítorí àwọn agbébọn, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ wíwa wúrà kò ní torí òfin jókòó sílé kí ebi pa á. Ní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá kó àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń wa kùsà láìgbàwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ará Ṣáínà sì wà lára wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Púpọ̀ nínú wúrà náà wà nínú iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ etí omi. Awakùsà á gbẹ́ kòtò, á fi ẹ̀rọ fa omi láti inú odò tó bá sún mọ́ ọn, á wá fi omi náà fọ iyẹ̀pẹ̀ lórí pákó tí wọ́n gbé dagun, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé. Wúrà wúwo, ó máa ń há sára kápẹ́ẹ̀tì. Ẹrẹ̀ fúyẹ́, òun ló ń bá omi padà sódò. Àwọn odò kéékèèké yẹn ń ṣàn bọ́ sínú Ọ̀ṣun, àwọ̀ tí à ń rí ní Gbódòfọ̀n sì nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ nìkan ni, ẹ̀bi rẹ̀ ì bá mọ níwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ nìkan náà ń bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, ó sì ń kún ìsàlẹ̀ odò débi pé òjò tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ á mú un kún àkúnya wọ ilé àwọn tó kọ́lé sétí rẹ̀. Ta ló ń kọ́lé sétí odò? Ẹni tí ilẹ̀ olówó gọbọi kò ṣeé rà fún ni.

Àmọ́ ẹrẹ̀ nìkan kọ́. Láti mú wúrà wẹ́wẹ́ jáde, wọ́n máa ń da mẹ́kúrì, irin olómi kan tó jẹ́ májèlé, sínú iyanrìn tó ṣẹ́kù. Mẹ́kúrì á lẹ̀ mọ́ wúrà, á di odidi kan lọ́wọ́ ẹni, wọ́n á wá dáná sí i. Mẹ́kúrì á di èéfín, wúrà á kù. Èyí tó bá dà nù lójú iṣẹ́ bá omi lọ nìyẹn. Èyí tó di èéfín, òjò á fọ̀ ọ́ padà wálẹ̀. Àwọn kan ń lo sáyánáìdì, kẹ́míkà mìíràn tó jẹ́ májèlé gidi. Òjé sì máa ń wà nínú àwọn òkúta mìíràn tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà.

Mẹ́kúrì tó bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀ kì í jẹrà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrọ̀fọ̀ á sọ ọ́ di oríṣi kan tó máa ń wọ inú ẹran ara. Ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, ènìyàn á jẹ ẹja ńlá, bó sì ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì ló ń pọ̀ sí i. Ìlú Minamata ní Jàpáànì ló kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde àìsàn náà níbẹ̀. Àwọn apẹja àti ìdílé wọn ló kọ́kọ́ mú, torí ẹja ni wọ́n ń jẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń da mẹ́kúrì sí òkun wọn. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi pe àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe lórí mẹ́kúrì lọ́dún 2013, Nàìjíríà náà sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀. Eérú ti Minamata kò tọ ẹni tó dà á, ti Ọ̀ṣun náà ò sì jọ pé ó fẹ́ tọ̀ ọ́.

Ìkìlọ̀

Lọ́dún 2021 àti 2022, àjọ kan tó ń jẹ́ Urban Alert, tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, bu omi Ọ̀ṣun, wọ́n sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àbájáde rẹ̀ ni pé òjé àti mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin omi mímu Nàìjíríà fàyè gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀n náà: òjé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan, mẹ́kúrì kò gbọdọ̀ ju 0.001. Ìwọ̀n tójú kò lè rí, tí ahọ́n kò lè tọ́ wò.

Nígbà tí àjọ̀dún Ọ̀ṣun ọdún 2022 ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ láti ẹ̀ka ètò ìlera kéde pé kí ará ìlú àti àwọn tó ń bọ̀ wá bọ Ọ̀ṣun má ṣe mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni, mi ò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni irú ìlú tí wọ́n ń ṣe ìkìlọ̀ náà fún. Ọ̀pọ̀ àdúgbò wà ní Òṣogbo tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti dàgbà láìrí kí omi ìjọba yọ lẹ́nu ẹ̀rọ rí. Páìpù wà nínú ilẹ̀, ipata ti jẹ ẹ́, ọmọdé ń gun ẹnu ẹ̀rọ ṣeré. Wọ́n ní ká má mu ti odò, ó dáa. Èwo ni ká wá mu?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn dá lórí àpò ẹni. Ẹni tó nílé ní GRA ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tipẹ́, ó gbé tánkì lé òkè, ó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà tó ń fa omi sókè. Ìkìlọ̀ ìjọba dà bí ìròyìn ìlú ẹlòmíràn létí rẹ̀. Ayálégbé inú fésìmí-ífésìyú, kànga àgbàlá ni tiwọn, tí ṣáláńgá kò sì jìnnà sí, tó bá di oṣù kejì ọdún, garawa tí wọ́n fi ń fa omi á máa ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbígbẹ. Nígbà yẹn wọ́n á ké sí mẹ́rúwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri nínú bárò, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà á rà. Ẹni tí kò bá ní, ọmọ rẹ̀ á gbé ike, ó dodò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti píọ̀wọ́tà, torí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ pé àwọn tálákà lè rà. Ọ̀rá kan jẹ́ ìlàjì lítà. Àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn kò lè mu kéré sí lítà méjì lójúmọ́, ọ̀rá mẹ́rin nìyẹn. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí gbogbo wọn ń mu tó bẹ́ẹ̀ á mu ọ̀rá 24. Ní náírà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, owó náà jẹ́ náírà 1,200 lójúmọ́, náírà 36,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ó ju ìlàjì owó oṣù lọ fún omi mímu nìkan, wọn ò tíì fi fọ ìrẹsì, wọn ò tíì wẹ̀. Ẹni tó bá lè ra báàgì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà máa san iye tó kéré sí èyí. Ẹni tó ń rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lowó rẹ̀ mọ, ló ń ra omi tó wọ́n jù ní gbogbo Òṣogbo. Àwọn tó sì ń sanwó tàbí ń pọnmi yìí, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn kan á ní àwọn á sè é. Sísè ń pa kòkòrò, kì í pa òjé. Nígbà tí omi bá ń gbẹ nínú ìkòkò, òjé kì í bá ooru lọ, ṣe ló ń kù nínú ìyókù. Àwọn mìíràn á ju álọ́ọ̀mù sí i. Ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, omi á là, ojú á sì rò pé ó ti mọ́. Ó sàn fún ìyá kan kí omi náà pọ́n níwájú rẹ̀, kó máa bẹ̀rù rẹ̀, ju kó là kó máa tàn án lọ.

Ọmọ méjì, ife kan

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí, torí pé òun ni wọ́n kì í sọ.

Ká ní ọmọ méjì, ọjọ́ orí kan náà, mu omi kan náà nínú ife kan náà. Ọ̀kan ń jẹ ẹyin, ń mu mílíìkì, ó ń jẹ ẹran. Èkejì ń jẹ ẹ̀bà ní àárọ̀, ó ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó. Òjé tó máa wọ ara ọmọ kejì á pọ̀ ju ti èkíní lọ. Ohun tó fà á ni pé ara tí kò ní áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù tó máa ń gba òjé mọ́ra níbi tó yẹ kó ti gba àwọn oúnjẹ aṣaralóore wọ̀nyẹn. Ebi ló ṣí ilẹ̀kùn fún májèlé. Nítorí náà, kódà ká ní gbogbo ilé ní Òṣogbo ń pọn omi ní ojú kan náà, ìyà rẹ̀ ò ní dọ́gba.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Bó bá pọ̀ gan-an, gìrì á máa gbé ọmọ, ó sì lè pa á. Bó bá kéré, kò sí ariwo rárá. Ọmọ kàn á máa gbàgbé ẹ̀kọ́, inú á máa run ún, kò ní lè jókòó sójú kan. Olùkọ́ á pè é ní olódo, ìyá á ní ó jọ ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn òjé nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá pàdé ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ohun tí a kò bá wọ̀n kò sí nínú ìwé ìjọba. Nígbà tí ẹni tó lówó bá fura, á gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Ti tálákà, ibà ni, wọ́n á fún un lóògùn ibà.

Àròsọ kọ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú nítorí òjé inú òkúta wúrà tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ nínú àgbàlá. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú pẹ̀lú gìrì, ibà ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ pè é. Àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières wà lára àwọn tó tú u fó pé òjé ni. Abúlé kan tó ń jẹ́ Bagega ní láti dúró di ọdún 2013 kí wọ́n tó kó ilẹ̀ olóró ibẹ̀ kúrò, torí pé owó tí ìjọba ṣèlérí kò tètè jáde. Àwọn ọmọ Bagega ń jẹ, wọ́n ń rá lórí ilẹ̀ yẹn ní gbogbo àsìkò tí fáìlì fi ń rìn.

Mi ò sọ pé Òṣogbo ti di Zamfara. Òjé inú odò tó ń ṣàn kì í ṣe òjé inú àgbàlá ẹni. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó máa kọ́kọ́ mọ̀ bó bá ń dà bẹ́ẹ̀ kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń wọ inú omi ṣiṣẹ́

Àwọn oníyanrìn wà tó ń wọ odò láti òwúrọ̀, omi á dé àyà wọn, wọ́n á máa kó iyanrìn tí àwọn kọ́ńtírakítọ̀ fi ń kọ́lé olówó. Àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà tí wọ́n ń dá oko tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ sí àbàtà etí omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí wọ́n ń fi garawa bu omi wọ́n ọn. Ẹ̀fọ́ yẹn dé ọjà, ó sì dé ìkòkò GRA náà, mi ò jiyàn. Àmọ́ bí ìròyìn bá jáde lọ́la pé ẹ̀fọ́ etí Ọ̀ṣun kò dáa, oníbàárà á yà sí ìsọ̀ mìíràn. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò ní ilẹ̀ mìíràn tó máa yà sí. Òun tún ni yóò gbé ẹ̀fọ́ tí ọjà kọ̀ padà sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ẹja ńkọ́? Nínú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni ẹja pípa, torí ẹja ni ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun nínú ìtàn ìtẹ̀dó ìlú yìí. Lẹ́yìn igbó náà lókè àti nísàlẹ̀ odò, apẹja ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá tóbi ló ń tà, torí òun ló lówó lórí. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ nílé. Ẹlẹ́yà ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́kúrì, ẹja wẹ́wẹ́ ló sàn. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí i pé òṣì gba ẹni díẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ń wá ọmọ

Ọdún 2005 ni UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ogún àjùmọ̀ní aráyé. Ó jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 75, Susanne Wenger, oníṣẹ́-ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé rẹ̀ títí tó fi papò dà lọ́dún 2009 láti dáàbò bo igbó náà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e tà. Ọgbà dúró, igi dúró, èèwọ̀ dúró. Ìdọ̀tí gba ojú omi wọlé, torí odò kì í dúró ní ẹnu ibodè.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: pé àwọn ará Brazil àti Amẹ́ríkà kò ní wá mọ́, pé owó máa bọ́ lọ́wọ́ ìlú. Alejò tó wá láti òkèèrè mu omi inú ike tó rà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó fi ìka kan ti Ọ̀ṣun sí iwájú orí, ó ya fọ́tò, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Obìnrin Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tó ti ń wá ọmọ láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun sí ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń pọn ọ́n, ó ń mu ún, ó ń fi wẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé òun ló máa fún un lọ́mọ. Bó bá wá lóyún, kò ní dáwọ́ dúró, torí ìgbà yẹn ni ọpẹ́ pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kò yẹ kó dé ẹnu rẹ̀. Mẹ́kúrì àti òjé máa ń gba ara ìyá dé ara ọlẹ̀, òjé tó sì ti sùn sínú egungun ìyá láti ọdún tó ti pẹ́ á tún jí wọnú ẹ̀jẹ̀ nígbà oyún. Ara tí ó lẹ́gẹ́ jù lọ ní ìlú yìí ni àṣà ní kó mu ún jù.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì, pé ta ló ní kí wọ́n máa mu omi òrìṣà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn wà lára ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Nígbà tó jẹ́ pé aborìṣà ni ẹni tí nǹkan ń ṣe, ó rọrùn fún ìlú láti sọ ọ́ di ẹ̀bi rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé omi ìsàmì ìjọ ńlá kan ló di olóró, ṣé ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀? Ìjọba ti ń fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kẹjọ, mo sì yìn wọ́n fún un. Ọjọ́ ìsinmi kò wọ́n bí omi mímọ́.

Àwọn tó wà nínú kòtò

Ó yẹ kí n sọ ti awakùsà, torí orí rẹ̀ ni gbogbo èébú ń wá sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nínú kòtò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìbáà jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti Òkè-Ọya wá, ọwọ́ lásán ló fi ń po mẹ́kúrì, imú rẹ̀ ló fi ń fa èéfín rẹ̀. Bí kòtò bá ya lulẹ̀, òun ló bò. Òun kọ́ ló ni ẹ̀rọ, òun kọ́ ló ra epo. Ẹnìkan ló gbé owó kalẹ̀, ẹnìkan ló ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó bá wù ú, àwọn méjèèjì kì í wọ bàtà rọ́bà. Nígbà tí ọlọ́pàá bá dé, ẹni tó wà nínú kòtò ni wọ́n ń kó. Baálé tó fi ilẹ̀ yá wọn gba owó díẹ̀, kòtò tó ṣẹ́kù sí oko kòkó rẹ̀ kò sì ní dí láéláé.

Ìwé òfin náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà àti òfin ìwakùsà ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Abuja ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, káńsílọ̀ á ní ọwọ́ òun kò tó o, ìpínlẹ̀ á ní Abuja ni kó lọ. Owó ọkọ̀ lọ sí Abuja ju èrè oṣù kan lórí ẹ̀fọ́ lọ. Òfin ilẹ̀ wa sọ pé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú owó ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá, ṣùgbọ́n wúrà tó bá gba ẹ̀yìnkùlé jáde kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tó máa padà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń padà.

Ìsàlẹ̀ odò náà ni ìdídò Àṣejírè wà, tí Ìbàdàn ti ń mu nínú rẹ̀. Ìlú ńlá yẹn ní ilé-iṣẹ́ tó ń sẹ́ omi, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti oníròyìn tó lè pariwo. Mo máa ń rò ó pé bó bá jẹ́ pé Ìbàdàn ló wà lókè odò tí Òṣogbo wà nísàlẹ̀, bóyá ariwo náà ò ní pẹ́ tó báyìí kó tó dé etí ìjọba.

Wọ́n ti lé awakùsà, wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ṣe ìpàdé. Gbogbo rẹ̀ dá lórí odò. Kò burú, odò gbọ́dọ̀ là. Àmọ́ kí odò tó là, tó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún torí mẹ́kúrì inú ẹrọ̀fọ̀ kì í tètè lọ, àwọn ènìyàn kan ń mu ún. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí odò. Màá bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Gbódòfọ̀n àti àwọn abúlé tó wà létí omi láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àti aláboyún ibẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ síta níbi tí àwọn òbí ti lè kà á. Kí wọ́n bá àwọn ìyá Ọ̀ṣun jókòó, kì í ṣe láti kìlọ̀ fún wọn, láti bi wọ́n léèrè ibi tí omi ìwúre lè ti wá títí odò á fi là, torí àwọn ló mọ ohun tí èèwọ̀ gbà àti ohun tí kò gbà. Kí omi ẹ̀rọ tó ń yọ lójoojúmọ́ sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sódò, lọ́fẹ̀ẹ́, kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó tún jáde lórí rédíò láti sọ fún wa pé ká má mu Ọ̀ṣun.